Imú Tó Dí Lẹ́yìn Rọpárọsẹ̀: Ẹ Ka Ẹ̀yìn Páálí!

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lónìí, mi ò sọ ti ọwọ́ tó rọ tàbí ẹsẹ̀ tó ń wọ́. Ìyẹn, gbogbo yín lẹ ti ń sáré lé e kiri. Imú ni mo bá wá. Imú! Bàbá tàbí ìyá yín tí rọpárọsẹ̀ mú, tó ti kúrò ní ọsibítù, tó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tí imú rẹ̀ ń dí lóròòru, tàbí tó ń ṣomi láti àárọ̀ dalẹ́, oṣù kan, oṣù méjì, kò lọ. Mo mọ ohun tí ẹ máa ń ṣe. Ẹ ó pe ọmọdé: "Sáré lọ sí kẹ́míìsì, lọ ra oògùn kátà wá."

Ẹ DÚRÓ ŃBẸ̀.

Ẹran rírọ̀ kan wà nínú imú tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀, bíi kànìnkànìn tó mumi yó. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kún un, ó wú, imú dí nìyẹn. Oògùn tó ń la imú wéré, fífún ló ń fún àwọn iṣan yẹn pọ̀. Ẹran náà á sunkì, atẹ́gùn á wọlé, ẹ ó ní "ó mà ṣiṣẹ́ o!" Ṣùgbọ́n oògùn náà kò mọ̀ pé imú nìkan lẹ rán an sí. Èyí tí wọ́n ń gbé mì, tí pseudoephedrine tàbí phenylephrine wà nínú rẹ̀, gbogbo ara ló ń rìn dé. Ó sì lè ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lára ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn náà ló gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kíní.

Ṣé ẹ rò pé mo ń dẹ́rù bà yín ni? Ọmọ ìyá wọn kan wà, phenylpropanolamine. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn tó ń ṣe oògùn yọ ọ́ kúrò nínú oògùn wọn, torí ewu kí ẹ̀jẹ̀ máa ya sínú ọpọlọ. Ní 2024, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù sọ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ le, tàbí tí kò gbọ́ oògùn, kò gbọdọ̀ lo pseudoephedrine rárá. Nítorí náà, ẹ bá mi pariwo ẹ̀: Ẹ KA Ẹ̀YÌN PÁÁLÍ! Tí ẹ bá rí orúkọ tó parí sí "ephedrine", "ephrine" tàbí "zoline", ẹ dá a padà sí orí káńtà, kí ẹ bi apòògùn léèrè. Àwọn "zoline" yẹn, tí wọ́n ń kán tàbí tí wọ́n ń fín sí imú, wọ́n tún níwà kan: tí ẹ bá lò ó kọjá ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, imú á wá máa dí torí oògùn náà fúnra rẹ̀.

Kí ló ń dí imú wọn gan-an? Ẹ jẹ́ n gbé yín lọ sí Ojúẹ̀lẹ́gbà. (Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè sọ̀rọ̀ kí n má dé Ojúẹ̀lẹ́gbà.) Wọ́dà tó ń darí ọkọ̀ dúró sí àárín oríta, ó na ọwọ́: ìwọ dúró, ìwọ máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan kan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ ṣe ń gba ọpọlọ wá, tó ń di àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ imú mú kí wọ́n má fẹ̀ jù. Irú rọpárọsẹ̀ kan wà tó ń kọlu ìdí ọpọlọ. Tó bá gbé wọ́dà apá kan lọ, kí lẹ rò pé àwọn ọkọ̀ máa ṣe? Ihò imú apá yẹn á dí, ìpéǹpéjú apá kan náà á rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ọmọlójú ibẹ̀ á kéré ju ti èkejì. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lójijì, ọsibítù ni o, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ náà kò le tó yẹn. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sùn, ihò imú tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń dí. Ẹ yí wọn padà. Rọ́bà oúnjẹ tí wọ́n gba imú tì bọ̀ wọ́n lọ́sibítù náà ń ha imú. Àgbo ńkọ́? Ewé asofẹ́yẹjẹ ní èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine nínú, ó ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n imú dídí jẹ́ ara ohun tí reserpine ń fà. Ẹ wá ń fún wọn lágbo láàárọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì lálẹ́, dókítà ò sì gbọ́ sí i.

Ẹ tún wò ó: ṣé ẹ̀yìn oúnjẹ ni imú náà ń dà? Ṣé omi tí wọ́n mu ló ń gba imú jáde? Ìyẹn KÌ Í ṢE KÁTÀ. Ó lè jẹ́ pé ẹran òkè ọ̀nà ọ̀fun ni kò dì mọ́, oúnjẹ kan náà sì lè yà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì wò. Tí wọ́n bá sì ti ṣubú forí gbálẹ̀, tí omi mímọ́ gaara ń kán láti ihò kan, pàápàá tí wọ́n bá tẹ̀ síwájú, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Ó yá, ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í ṣe rèé. Dókítà ní kí ẹ máa fín omi iyọ̀ sí imú wọn, tàbí fluticasone, oògùn tó ń mú kí imú tó wú rọlẹ̀. Ẹ sì gbé orí wọn sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo àjà. HÁÀ! Èmi náà ṣe é fún bàbá mi kékeré lọ́jọ́sí. Gbogbo rẹ̀ ṣàn lọ sí ọ̀fun, wọ́n wúkọ́ títí ojú wọn fi pọ́n, wọ́n fi ọwọ́ kan tó kù gbá ìgò náà nù. Mo tọ́ sí i.

Orí síwájú díẹ̀, bí ẹni tó ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ kọjú ẹnu ìgò sí ọ̀nà ETÍ, kì í ṣe sí ògiri tó la imú sí méjì. Kí wọ́n mí wọlé jẹ́jẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń ní ọwọ́ ọ̀tún ni kó fín ihò òsì, kí ọwọ́ òsì fín tọ̀tún. Ó dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló rọ ńkọ́? Wọ́n á wá fi ọwọ́ òsì fín méjèèjì, ti òsì á máa ba ògiri yẹn ṣáá. Ẹni tó sì ń lo aspirin tàbí clopidogrel, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, imú rẹ̀ kì í pẹ́ ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ bá wọn fín ti òsì. ETÍ, mo ní ẹ kọjú ẹ̀ sí ETÍ!

Ẹ má sì dá aspirin dúró torí ẹ̀jẹ̀ imú láìbi dókítà.

Robb? Ó ń tu imú lára, kì í là á, ọpọlọ ló ń tàn. Omi gbígbóná tí ẹ já efinrin sí ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra: ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan mọ́ lè bó lábẹ́ abọ́ omi gbígbóná yẹn, kí wọ́n má mọ̀.

Ó yá, páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn yẹn, ẹ lọ gbé e wá. Ẹ yí i padà. Mò ń dúró.