Bí A Ṣe Ń Ya Falcatus, Akọ àti Abo

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹja kan tó ti parun láyé ni a fẹ́ yà lónìí, Falcatus lorúkọ rẹ̀. Ìbátan àkùrákudà ni, ṣùgbọ́n kékeré ni, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn láti máa fi í kọ́ èèyàn. Ẹ fi bébà A4 dábùú síwájú yín, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 30. A lè ya ẹja yìí bó ṣe tóbi gan-an, láìdín in kù rárá. Ẹ wá pẹ́ńsù HB kan, 2B kan, rúlà àti kílínà.

Kí pẹ́ńsù tó kan bébà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a ti rí ohun tí a fẹ́ yà. Òkúta ẹfun kan wà ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Bear Gulch. Ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 300 ọdún sẹ́yìn, apá òkun kan ló ya wọ ilẹ̀ níbẹ̀, omi rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé ìtòsí agbedeméjì ayé ni Montana wà nígbà náà. Ẹrẹ̀ a máa tètè bo ẹja tó bá kú síbẹ̀. Egungun àwọn ìran àkùrákudà rọ̀, irú èyí tó wà nínú etí wa ni, kì í pẹ́ jẹrà. Eyín àti ẹ̀gún ló sábà máa ń kù. Ṣùgbọ́n odindi ẹja ni Bear Gulch tọ́jú fún wa, kódà ipa iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣì hàn lára àwọn kan. Nítorí náà, a ò ní fi èrò ọkàn wa ya ẹja yìí. Òkúta ni a ó máa wò.

Ó yá. Ẹ fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 25 sí àárín bébà, ẹ má tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀, a ṣì máa pa á rẹ́. Imú wà lọ́wọ́ òsì, ìrù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ sàmì sí 5, ibẹ̀ ni mo máa ń fi orí mọ sí. Ẹ sàmì sí 20, kí ìrù bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ara tó wà láàárín, ẹ jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó ki díẹ̀ lẹ́yìn orí, kó sì máa fún bọ̀ títí dé ìdí ìrù.

Orí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ̀yin tó ti ya àkùrákudà òde òní rí, ọwọ́ yín á fẹ́ gbé ẹnu lọ sábẹ́ imú. Ẹ má gbà fún un. Iwájú gan-an ni ẹnu Falcatus wà, imú rẹ̀ kúrú, ó sì rí kìrìbìtì. Ẹ wá ṣe ojú ní roboto lápá iwájú, kó tóbi, kó gba àyè. Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é: mo yí pẹ́ńsù lẹ́ẹ̀mejì, mo dá ibi funfun kékeré kan sí lókè, lẹ́yìn náà mo fi 2B kun ìyókù. Tí ojú yìí bá kéré lọ́wọ́ yín, ẹja mìíràn lẹ yà.

Ìrù là sí méjì, ó là wọlé dáadáa, apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìrù ẹja tó ń sáré ni. Lẹbẹ ńlá méjì wà lẹ́yìn ihò èémí, kékeré méjì wà lábẹ́ ikùn, ọ̀kan wà lórí ẹ̀yìn nítòsí ìrù. Ẹ má fi lẹbẹ kankan sáàárín ikùn àti ìrù nísàlẹ̀. Kò ní.

Ẹ dúró ná, ẹ wo ohun tó wà níwájú yín. Abo ni a yà yìí, ó sì ti pé.

Ohun tó ń dùn mí lórí ẹja yìí nìyí. Àwòrán tó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, akọ nìkan ni wọ́n ń yà, bí ẹni pé abo kò sí láyé. Akọ ló ní ẹ̀gún àràmàǹdà lórí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n akọ tó ti dàgbà ni; ọmọdé inú wọn kò tíì ní in.

Ẹ gbé bébà kejì lé ti àkọ́kọ́, ẹ fi méjèèjì lé gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá, kí ẹ sì da ara ẹja náà kọ. Ẹ̀gún wá kù. Ẹ̀yìn orí ló ti hù, ó ga díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣẹ́ síwájú, ó sì nà lọ gbọọrọ lókè orí. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òun àti orí, kí ó má lẹ̀ mọ́ ọn. Láti 1883 ni àwọn onímọ̀ ti ní ẹ̀gún yìí lọ́wọ́, wọ́n pè é ní Physonemus falcatus, ṣùgbọ́n ẹ̀gún lásán ni. Ó di 1985 kí Richard Lund, onímọ̀ nípa ẹja ayé àtijọ́, tó ṣàpèjúwe odindi ẹja láti Bear Gulch, tí ẹ̀gún náà wà lórí akọ, tó sì fún un lórúkọ Falcatus. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yà akọ méjì tó gùn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹbẹ abẹ́ ikùn.

Tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, ẹ ya àwọn méjèèjì pọ̀. Òkúta kan wà tí akọ àti abo jọ wà nínú rẹ̀, tí abo fi ẹnu gbá ẹ̀gún akọ mú. Lund gbà pé wọ́n fẹ́ gùn ni. Akọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, kí ẹ wá gbé orí abo sókè rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, kí ẹ̀gún sì wọ àárín ẹnu náà. Ibi tí ẹnu ti kan ẹ̀gún ni kí ẹ fi 2B kùn jù.

Àwọ̀ wà lọ́wọ́ ayàwòrán. Èmi máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn dúdú, kí ikùn funfun, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹja òkun. Ṣùgbọ́n ẹ má ya ìpẹ́ ńláńlá sí i lára o. Nísàlẹ̀ bébà, ẹ fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 5 fún ìwọ̀n, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: Falcatus falcatus, abo lókè, akọ nísàlẹ̀, Bear Gulch, Montana.