Ojú Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dà Lẹ́yìn Ìbímọ

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin dókítà, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí tó ń lọ lọ́wọ́ nípa oyún àti ìlera obìnrin. Oko ńlá ni, mi ò lè ro ó tán. Ebè kan ṣoṣo ni mo mú níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ. Ní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń pa nǹkan bí 45,000 obìnrin lọ́dún. Ohun tí mo wá sọ lórí rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ yéé fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú. Bí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilé-ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan tó 500 sí 700 mílílítà. Bí ibi ọmọ bá ti já kúrò lára ògiri ilé-ọmọ, ẹnu àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹran ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa dí wọn. Àwọn fọ́nrán ẹran náà hun ara wọn bí apẹ̀rẹ̀, àárín wọn sì ni òpó ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá. Bí ilé-ọmọ bá sún kì, àwọn fọ́nrán yẹn á fún òpó náà pa. Ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn níbi ìdodo: ó yẹ kó le gbandi bí àgbọn. Bí ó bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà nìyẹn, kódà bí ẹ kò tíì rí i níta, torí ó lè máa kóra jọ sínú. Nǹkan bí ìgbà méje nínú mẹ́wàá, ilé-ọmọ tó kọ̀ tí kò le ló fà á. Ìyókù ni ojú ara tàbí ọrùn ilé-ọmọ tó ya, ibi ọmọ tó ṣẹ́kù sínú, àti ẹ̀jẹ̀ tí kò lè dì.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n

Àwọn ọ̀gá wa kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá dárúkọ òṣùwọ̀n, wọ́n á ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbẹ̀bí, ojú mi tó." Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ojú kò tó, kò sì sí ojú ẹnikẹ́ni tó tó. Ẹ̀jẹ̀ máa ń wọ inú aṣọ lọ, ó máa ń sá sábẹ́ ẹ̀yìn obìnrin tó dùbúlẹ̀, ó máa ń pò mọ́ omi ọmọ àti ìtọ̀, ó sì máa ń tàn sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ó ṣe ń pọ̀ sí i náà ni ojú ṣe ń dín in kù sí i. Ẹni tó pàdánù díẹ̀, a lè fojú bá a. Ẹni tó pàdánù lítà kan àtààbọ̀, tó yẹ kí jìnnìjìnnì ti bá wa lórí rẹ̀, òun gan-an la máa ń pè ní "bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE fi èyí hàn kedere. Ọdún 2023 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n ṣe é ní àwọn ilé ìwòsàn ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tanzania, iye àwọn tó fi ojú ara bímọ níbẹ̀ sì jẹ́ 210,132. Ní apá kan, iṣẹ́ lọ bó ṣe máa ń lọ. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ń gba ẹ̀jẹ̀, tí kò ní ìlà òṣùwọ̀n, sábẹ́ obìnrin, wọ́n sì gbé ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lé òṣùwọ̀n lẹ́yìn náà, kí àwọn olùwádìí lè mọ òótọ́. Nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà kọjá ààlà (500 mílílítà) níbẹ̀, ìdá 51.1 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ sí. Àwọn tó kù wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ojú àwọn agbẹ̀bí kan náà, ẹ̀jẹ̀ ń lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ní apá kejì, níbi tí ọ̀rá ti ní ìlà, ìdá 93.1 ni wọ́n mọ̀.

Ọ̀rá náà kò le lò, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́. Bí ọmọ bá ti jáde tán ni kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí ìyá, kì í ṣe ṣáájú, kí omi ọmọ má baà kún inú rẹ̀. Apá tó dà bí àrọ á rọ̀ sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, ìlà 300 àti ìlà 500 á sì hàn lára rẹ̀. Ẹ gbé orí obìnrin náà sókè díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn wá síwájú. Bí ó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀jẹ̀ á dúró sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rá á sì parọ́ fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ fi ojú bá ìlà náà dọ́gba kí ẹ tó kà á. Ẹni tó dúró lókè wò ó á ṣì í kà. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú gọ́ọ̀sì àti aṣọ náà gbọ́dọ̀ wọ ìṣirò. Ẹ mọ ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ, kí ẹ wá wọn èyí tó rin: gíráàmù kan dà bí mílílítà kan. Aṣọ tó jẹ́ 60 gíráàmù kó tó rin, tó wá di 210, ẹ̀jẹ̀ 150 mílílítà ló wà nínú rẹ̀. Aṣọ méjì bẹ́ẹ̀ ti tó 300, nígbà tí ẹnì kan ṣì ń sọ pé "kò pọ̀."

Fún wákàtí kan gbáko, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ka ọ̀rá, ẹ fọwọ́ kan ilé-ọmọ, ẹ ka ìlù ọkàn, ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ìlù ọkàn ni kí ẹ fojú sí jù. Obìnrin tí ara rẹ̀ dá lè pàdánù ju lítà kan lọ kí ìfúnpá rẹ̀ tó já. Ọkàn rẹ̀ ló ń sáré láti bo àṣírí náà. Ìdí nìyí tí ìlànà tuntun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú obìnrin àti ti àwọn agbẹ̀bí lágbàáyé gbé jáde ní 2025 kò fi ní ká dúró de 500 mọ́ nígbà gbogbo. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó 300, tí ìlù ọkàn ju 100 lọ, tàbí tí iye òkè ìfúnpá kò tó 100, tàbí tí iye ìlù ọkàn ju iye òkè ìfúnpá lọ, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ dá mi lóhùn pé wọ́n ti dán ọ̀rá wò ní Yúróòpù, ní orílẹ̀-èdè 13, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, wọn ò sì rí i pé ó dín ẹ̀jẹ̀ tó le kù. Òótọ́ ni, mi ò sì ní fi pamọ́. Ọ̀rá nìkan ni wọ́n gbé fún wọn níbẹ̀. Wọn ò so ìlànà ohun tí a máa ṣe mọ́ ìlà tí a bá dé. Òṣùwọ̀n tí kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ike lásán ni. Àwọn tó ń fi ìwádìí yẹn sọ pé kí a má wọn ẹ̀jẹ̀ ka ìdajì rẹ̀ ni.

Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà

Bí a ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa tẹ́lẹ̀ ni pé ká ra ilé-ọmọ, ká dúró wò ó. Ká gún abẹ́rẹ́, ká dúró wò ó. Ká wá pe dókítà. Gbogbo "ká dúró wò ó" yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni. Ohun tí E-MOTIVE ṣe ni pé ó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó parí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ra ilé-ọmọ fún ìṣẹ́jú kan tàbí títí yóò fi le. Ẹ fi oxytocin, oògùn tó ń mú ilé-ọmọ sún kì, 10 yúníìtì sínú omi dírípù, kó wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má tì í sínú iṣan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ìfúnpá á já wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni 20 yúníìtì nínú lítà omi kan á máa rọra wọlé fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ fún un ní tranexamic acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dídì tú, gíráàmù kan. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tú àpò ìtọ̀, torí àpò tó kún kì í jẹ́ kí ilé-ọmọ sún kì, ẹ yọ ẹ̀jẹ̀ dídì, ẹ wá ibi tó ya dé ọrùn ilé-ọmọ, ẹ tẹ́ ibi ọmọ sílẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó pé. Bí kò bá dúró, ẹ ké sí ọ̀gá.

Níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kọjá lítà kan, tàbí tí wọ́n la inú wọn, tàbí tí wọ́n kú nítorí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní apá tí iṣẹ́ ti lọ bó ṣe máa ń lọ, 4.3 ni. Kò sí oògùn tuntun kankan níbẹ̀. Oògùn tó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n kàn lò ó lásìkò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí tranexamic acid. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dì láti dí ojú ihò, nǹkan kan wà nínú ara tó ń tú dídì náà palẹ̀, ó sì máa ń lágbára gan-an ní kété tí obìnrin bá bímọ. Oògùn yìí ni kì í jẹ́ kó rí ibi dì mú. Ìwádìí WOMAN, tó jáde ní 2017 pẹ̀lú 20,060 obìnrin ní orílẹ̀-èdè 21, fi hàn pé bí ó bá wọlé láàárín wákàtí mẹ́ta, ó ń dín ikú ẹ̀jẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kò wúlò mọ́. Ìṣirò mìíràn lẹ́yìn náà fi hàn pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ̀ọ̀kan tí a bá fi falẹ̀ ń gé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú oore rẹ̀. Mílílítà mẹ́wàá ni, mílílítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń dà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún un fún un lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé e sí àwo kan náà pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fi ń pa ẹ̀yìn kú fún iṣẹ́ abẹ. Ìgò wọn jọra. Àwọn kan ti ṣèèṣì gún un sí ọ̀pá ẹ̀yìn obìnrin, ó ń fa gìrì, ó sì ti pa èèyàn. Kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ ni kó máa gbé.

Alága ti ń fi aago hàn mí, nítorí náà màá sáré. Oxytocin: 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ni ibùgbé rẹ̀. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, omi lásán lẹ lè máa gún. Carbetocin, oògùn tó jọ oxytocin, èyí tí ooru kì í bà jẹ́: ìwádìí 2018 lára 29,645 obìnrin fi hàn pé kò rẹlẹ̀ sí oxytocin láti dènà ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde nìkan ni kí ẹ lò ó, torí ó ń pẹ́ lára. Bálúùnù inú ilé-ọmọ, ẹ̀wù tí wọ́n fi ń fún ẹsẹ̀ àti ikùn, títẹ ilé-ọmọ láàárín ọwọ́ méjì: ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ìbéèrè kan látọ̀dọ̀ àwùjọ

Agbẹ̀bí kan dìde: "Ẹ ṣeun, sà. Àwọn aboyún tí mo ń rí, àìtó ẹ̀jẹ̀ ti ń bá wọn jà kí wọ́n tó rọbí. Ṣé 500 tiwọn náà ni 500?"

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ìbéèrè yín gba ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi parí lẹ́nu mi, ó sì sàn jù ú lọ. Rárá, kì í ṣe ọ̀kan náà. Obìnrin tí hemoglobin rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gbé atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ gíráàmù 12 nínú dẹ́sílítà kan àti èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 6, bí àwọn méjèèjì bá pàdánù 500 mílílítà, ohun tó kù sí ẹnì kejì lára lè má tó nǹkan tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí WOMAN-2 wo 15,068 obìnrin tí kò lẹ́jẹ̀ tó, ní Nàìjíríà, Pakistan, Tanzania àti Zambia, bóyá tranexamic acid tí a fún wọn kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á dènà rẹ̀. Kò dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé bí ẹ̀jẹ̀ ara ṣe ń kéré sí i náà ni dídà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, àti pé ewu ikú tàbí ká fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lára ẹni tí tirẹ̀ kò tó 7 jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po méje ti ẹni tó wà láàárín 7 sí 10.

Nítorí náà, inú oyún ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kan náà ni mo sì ń padà sí. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé aboyún kò lẹ́jẹ̀? A máa ń fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ká wò ó bóyá ó pọ́n. Ojú náà la tún ń lò! Ìpéǹpéjú tó pọ́n díẹ̀ lè jẹ́ 8. Ẹ gún un níka, kí ẹ fi ẹ̀rọ kà á, nígbà àkọ́kọ́ tó bá wá àti nígbà tí oyún bá pé oṣù méje. Bí kò bá tó 11, ìwọ̀n irin rẹ̀ di 120 mílígíráàmù lójúmọ́. Hóró ferrous sulphate tó jẹ́ 200 mílígíráàmù, nǹkan bí 60 péré ni irin inú rẹ̀, torí náà méjì ni. Kó má fi tíì tàbí mílíìkì gbé e mì, wọn kì í jẹ́ kí irin wọ ara. Irin tí a ń fà sí iṣan ń kún àpò irin ara dáadáa ju oníhóró lọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Èkó àti Kánò lára 1,056 aboyún fi hàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ 36, iye àwọn tí kò lẹ́jẹ̀ tó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín apá méjèèjì. Ẹni tó bá ń ta á fún yín bí idán, ẹ ní kó mú ìṣirò wá.

Ohun kan tí ẹ lè ṣe láti ọ̀la, mà: ẹ kọ iye ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà gàdàgbà sí iwájú káàdì rẹ̀, kì í ṣe sínú. Kí agbẹ̀bí tó bá gbà á lóru rí "7.4" kó tó tẹ́ ọ̀rá, kó mọ̀ pé ìlà 300 ni òun ń ṣọ́ ní tirẹ̀, kó sì ti fi abẹ́rẹ́ sí iṣan rẹ̀, kó ti ní kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ọmọ tó jáde.