Muttiah Muralitharan: Apá Tí Wọ́n Fẹ̀sùn Kàn

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ bá mi na apá ọ̀tún yín síwájú. Ẹ jẹ́ kó gún gbọọrọ, kí ìgbọ̀nwọ́ má tẹ̀ rárá. Ẹ ti ṣe é? Ó dáa. Muttiah Muralitharan, ajubọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ Sri Lanka, ò lè ṣe ohun tí ẹ ṣe yẹn. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kì í nà tán. Apá yẹn náà ló fi lé onibáàtì, ìyẹn ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, kúrò lójú pápá nígbà 800 nínú Test, ìyẹn kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún. Kò tíì sí ẹlòmíì tó dé ibẹ̀.

Ọdún 1972 ni wọ́n bí i nílùú Kandy, láàárín àwọn òkè Sri Lanka. Bàbá rẹ̀ ń ṣe bisikíìtì tà. Ọmọ Tamil ni, ẹ̀yà tí kò pọ̀ lórílẹ̀-èdè náà. Ogun abẹ́lé láàárín ìjọba àti àwọn ajàjàgbara Tamil bẹ̀rẹ̀ ní 1983, kò sì parí títí di 2009. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí gbogbo erékùṣù náà, tẹ̀yà tẹ̀yà, ló ń pariwo orúkọ rẹ̀ láàárín ogun yẹn.

Nílé ẹ̀kọ́ St Anthony's, eré sísá ló kọ́kọ́ fi ń ju bọ́ọ̀lù. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, olùkọ́ rẹ̀, Sunil Fernando, ní kó yáa máa lọ́ ọ. Àwọn tó ń lọ́ bọ́ọ̀lù kì í gbára lé eré. Wọ́n á rọra wá, wọ́n á yí bọ́ọ̀lù náà bó ṣe ń kúrò lọ́wọ́ wọn. Tó bá kanlẹ̀ níwájú onibáàtì, á yà síbi tí onítọ̀hún ò retí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ju irú bọ́ọ̀lù tiẹ̀, ìka ni wọ́n fi ń yí i. Ọrùn ọwọ́ ni Muralitharan ń lò, ọrùn ọwọ́ náà sì rọ̀ kọjá àfẹnusọ. Ẹ wo fídíò rẹ̀ níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí i: ojú rẹ̀ á là kedere, ọwọ́ á yí bìrí, bọ́ọ̀lù á sì ti lọ.

Báwo wá ni apá ṣe di ẹjọ́? Òfin ò sọ pé kí apá ajubọ́ọ̀lù gún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí títí dòní. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí ìgbọ̀nwọ́ tó tẹ̀ wá nà láàárín ìgbà tí ọwọ́ bá dé ọ̀gangan èjìká àti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò níbẹ̀. Nínà yẹn ló ń sọ ọ́ di òkò sísọ. Bí apá bá tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tó sì wà bẹ́ẹ̀ dópin, kò lẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọdún 1995, ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ámpáyà, ìyẹn adájọ́ eré, Darrell Hair dúró síbi tí Muralitharan ti ń ju bọ́ọ̀lù. Lójijì ó nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "No-ball!", ìyẹn bọ́ọ̀lù tí òfin ò gbà. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ kọjá ìlà, ohun tí Hair ń sọ ni pé ọkùnrin yìí ń sọ òkò. Ó tún pè é. Ó tún pè é. Ìgbà méje láàárín óófà mẹ́ta (bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni óófà kan). Arjuna Ranatunga, ọ̀gá ikọ̀ wọn, wá gbé e lọ sí òdìkejì pápá, níbi tí Steve Dunne ti ń ṣe ámpáyà. Apá kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà, Dunne ò sì sọ nǹkan kan.

Mi ò dá Hair lẹ́bi pé ó sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ ọdún 23 ni wọ́n sọ ọ́ sí lára lójú gbogbo èrò, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ apá náà wò. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ámpáyà míì, Ross Emerson, tún pè é ní Brisbane. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ní Perth àti Hong Kong. Wọ́n fi kámẹ́rà yà á láti oríṣiríṣi ìhà. Ohun tí wọ́n rí ni pé apá tí kì í nà tán, pẹ̀lú èjìká àti ọrùn ọwọ́ tó ń yí kíákíá, ló ń tan ojú jẹ. Wọ́n dá a láre. Síbẹ̀, Emerson tún pè é ní Adelaide ní 1999. Ranatunga kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí etí pápá, eré sì dúró fúngbà díẹ̀.

Ní 2004, wọ́n tún fẹjọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní doosra sùn. Ó dà bí èyí tó máa ń jù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìhà kejì ló ń yà sí. Digírì 5 péré ni òfin gbà kí ìgbọ̀nwọ́ àwọn tó ń lọ́ bọ́ọ̀lù nà nígbà náà. Nígbà tí ICC, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, wá yẹ àwọn ajubọ́ọ̀lù yòókù wò, wọ́n rí i pé apá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń nà ju bí wọ́n ṣe rò lọ, títí kan àwọn gbajúmọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fura sí rí. Láti 2005, wọ́n fi òpin sí digírì 15 fún gbogbo ènìyàn, torí ojú lásán kì í rí èyí tó bá kéré sí i. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé òun nìkan ló ru ẹjọ́ tó jẹ́ ti gbogbo wọn.

Kò fi ìyẹn jókòó sunkún. Ní The Oval, nílùú London, ní 1998, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 16, ìyẹn pé ó lé onibáàtì kúrò nígbà 16, lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdíje kan ṣoṣo, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ní ìpele kejì, nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Sri Lanka máa borí nínú Test nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Galle, oṣù Keje ọdún 2010. Omi òkun ti gbá pápá yìí lọ nígbà tsunami ọdún 2004, wọ́n sì ti tún un kọ́. Muralitharan ti kéde pé ìdíje yìí ló máa fi dágbére fún Test. Wíkẹ́ẹ̀tì 792 ló ní lọ́wọ́. Ó lè dúró ṣe ìdíje kan sí i kí 800 lè dájú, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba márùn-ún lọ́wọ́ Íńdíà ní ìpele àkọ́kọ́. Ó ku mẹ́ta. Ó gba méjì, ó di 799, ibẹ̀ ló wá dúró sí. Lasith Malinga, akẹgbẹ́ rẹ̀, ń gba tirẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó yá, wọ́n lé VVS Laxman ti Íńdíà jáde bó ṣe ń sáré láàárín pápá, ó wá ku wíkẹ́ẹ̀tì kan péré nínú mẹ́wàá Íńdíà. Bí ẹlòmíì bá gbà á, ó parí nìyẹn. Ishant Sharma àti Pragyan Ojha, tí kì í ṣe onibáàtì gidi, dúró wámúwámú, wọ́n ò jẹ́ kí nǹkan tètè parí. Ó ti di óófà karùnlélógójì rẹ̀ ní ìpele yẹn nígbà tí Ojha fi báàtì kan bọ́ọ̀lù. Mahela Jayawardene, akẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró nítòsí, gán an. Bọ́ọ̀lù tó jù kẹ́yìn nínú Test ló sọ ọ́ di 800.

Nínú Test, Shane Warne ti Ọsirélíà parí sí 708, James Anderson ti Gẹ̀ẹ́sì sí 704. Nínú ìdíje ọlọ́jọ́ kan àwọn orílẹ̀-èdè náà, wíkẹ́ẹ̀tì 534 rẹ̀ ṣì ni olórí.