Jay Ajayi àti iṣẹ́ running back: ẹ má sáré ju atọ́kùn yín lọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ jẹ́ ká tibi nọ́ńbà mẹ́ta bẹ̀rẹ̀: 204, 214, 206. Iye yáàdì tí ọkùnrin kan ṣoṣo gbé bọ́ọ̀lù sá nìyẹn, nínú eré mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní sáà ọdún 2016, fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Miami Dolphins. Jay Ajayi lorúkọ rẹ̀. Àjàyí tiwa náà ni, orúkọ ẹni tó dojú bolẹ̀ wáyé. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1993. Kékeré ló wà tí wọ́n fi kó lọ sí Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Texas ló sì ti ṣe girama.

Running back niṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹni tó máa ń gba bọ́ọ̀lù sọ́wọ́, tó ń gbé e sá lọ síwájú. Mo gbà pé ẹ mọ bí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe ń lọ: ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ lè gbìyànjú kẹ́ ẹ tó sún síwájú ní yáàdì mẹ́wàá, bẹ́ ẹ bá kùnà, bọ́ọ̀lù ti di tàwọn yòókù. A ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò fínnífínní ni iṣẹ́ running back fúnra rẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú wa ló ń wò ó lódì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí yáàdì ṣe gùn tó. Yáàdì táwọn aláṣọ fi ń wọn àǹkárá náà ni, kò yàtọ̀. Ẹ tẹ́ àǹkárá yáàdì mẹ́fà sílẹ̀ ní pálọ̀, ẹ dúró síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìparí rẹ̀. Running back tó bá ń rí yáàdì mẹ́rin àbọ̀ ní ìpíndọ́gba, ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ògbóǹtarìgì ni, kò sì tíì dé ìparí aṣọ yẹn o! Ajayi rí 4.9 lọ́dún 2016. Ìgbà 260 ló gbé bọ́ọ̀lù, ó fi rí yáàdì 1,272 àti touchdown mẹ́jọ, ìyẹn ìgbà tó gbé bọ́ọ̀lù wọ òpin pápá alátakò. Nítorí náà, bó bá rí yáàdì mẹ́ta péré, ẹ má tíì máa mí kanlẹ̀. Yáàdì mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di mẹ́fà, ó wá ku mẹ́rin, ìgbìyànjú méjì sì ṣì wà nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé náà nìyẹn, búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn.

Ó yá. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà rèé.

Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ yíyá niṣẹ́ yìí. Wọ́n rò pé bí quarterback, ẹni tó ń darí eré fún ẹgbẹ́ rẹ̀, bá ti fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, kó ṣáà fò fẹ̀rẹ̀, kó wá ibi tó ṣófo, kó gba ibẹ̀ lọ. Rárá o! Ẹni tó bá ń sá bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kí wọ́n tó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ ro ti egúngún àti atọ́kùn. Atọ́kùn ló ń ṣíwájú pẹ̀lú pàṣán, òun ló ń lé èrò sẹ́yìn tí ọ̀nà fi ń là. Egúngún lẹ wá wò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n egúngún tó bá ya atọ́kùn rẹ̀ sílẹ̀, àárín èrò ló máa há sí. Mo fẹ́ràn àfiwé yìí gan-an, torí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ running back rí, àfi pé atọ́kùn tirẹ̀ jẹ́ márùn-ún: tackle méjì létí, guard méjì nínú wọn, center láàárín gbùngbùn. Ọ̀pọ̀ wọn ló tẹ̀wọ̀n ju kílò 130 lọ. Àwọn ló ń là á. Ẹ MÁ SÁRÉ JU ATỌ́KÙN YÍN LỌ. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ètò kan tí wọ́n ń pè ní outside zone, ká rìn ín ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀. Àwọn márùn-ún iwájú máa jọ ṣí lọ sápá kan náà, ká ní apá ọ̀tún. Running back máa bá wọn lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ tán. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, èyí tó ṣì lè fi dúró lójijì ni. Ojú rẹ̀ wà lára ẹni tó wà létí pátápátá nínú àwọn tirẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń bi ara rẹ̀: alátakò tí ẹni yìí ń dí lọ́nà, inú ló bọ́ sí ni àbí ìta? Bó bá bọ́ sínú, gba ìta lọ. Bó bá tiraka tó fi dúró síta, fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ ṣinṣin, kí o sì já wọ inú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni jíjá yẹn! Ẹni tó bá já sọ́tùn-ún, tó tún já sósì, tó tún padà sọ́tùn-ún lẹ́yìn àwọn tirẹ̀, ó ti fún alátakò mọ́kànlá láyè láti dé.

Ìgbà wo wá ni kó já? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibí yìí gan-an ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kó tó já, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ àwọn tirẹ̀ débi pé bó bá na ọwọ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wọ́n lẹ́yìn. Linebacker ló fà á. Àwọn linebacker dúró lẹ́yìn ìlà àwọn alátakò, èjìká running back ni wọ́n tẹjú mọ́, ibi tí èjìká yẹn bá kọjú sí ni wọ́n ń sá lọ. Bó bá tẹ̀ síwájú sọ́tùn-ún títí, linebacker á bá a sá sọ́tùn-ún, guard á sì dí i lọ́nà níbẹ̀. Ìgbà yẹn lọ̀nà inú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ṣùgbọ́n bó bá rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, tó já wọlé nígbà tó ṣì ku yáàdì mẹ́ta kó dé ẹ̀yìn àwọn tirẹ̀, linebacker ò tíì kúrò lójú kan. Ìṣísẹ̀ kan báyìí ló máa gbé padà, á sì mú un balẹ̀.

Mo tún un sọ: àlàfo ńlá tẹ́ ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, running back fúnra rẹ̀ ló fi sùúrù dá a sílẹ̀. Ká ní ó yára ni, àlàfo kankan ò ní sí níbẹ̀. Sùúrù kó tó já, iná nígbà tó bá já. SÙÚRÙ, LẸ́YÌN NÁÀ INÁ. Kì í ṣe iná láti ìbẹ̀rẹ̀!

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ajayi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà 2016, wọn ò tiẹ̀ mú un dání lọ sí Seattle. Arian Foster ni kóòṣì Adam Gase fi sípò kìíní, ọ̀rọ̀ náà bí Ajayi nínú, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nílé. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, Pittsburgh Steelers wá sí Miami: ó gbé bọ́ọ̀lù nígbà 25, yáàdì 204, touchdown méjì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Buffalo Bills: 214. Títí di ọjọ́ yẹn, ènìyàn mẹ́ta péré ló tíì kọjá 200 nínú eré méjì tó tẹ̀ léra wọn nínú ìtàn NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù: O.J. Simpson, Earl Campbell àti Ricky Williams.

Kí ló yí padà? Ẹsẹ̀ ènìyàn kì í ṣàdédé yá sí i láàárín oṣù kan. Branden Albert, Laremy Tunsil, Mike Pouncey, Jermon Bushrod, Ja'Wuan James: àwọn márààrún ló péjọ. Pouncey tó ń ṣe center ti ń tọ́jú ìbàdí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ sáà, ó padà, ìlà náà sì gún. Àwọn atọ́kùn pé, egúngún jó.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi gbogbo iyì fún wọn. Lọ́jọ́ 24 oṣù kejìlá, nínú òtútù Buffalo, Pouncey ò sí níbẹ̀ mọ́, ọmọ Àjàyí sì tún rí 206. Ìgbà 32 ló gbé bọ́ọ̀lù! Ẹ fojú inú wo kí àwọn géńdé kọlù yín nígbà 32 láàárín wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí eré wọ àfikún àkókò, tí òǹwòran ń rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ tán, ó já yáàdì 57 lẹ́ẹ̀kan náà. Andrew Franks gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Miami borí, 34 sí 31. Bó ṣe máa ń gbé ara rẹ̀ nìyẹn: ó tẹ̀ síwájú, èjìká rẹ̀ wà lókè orúnkún, ó sì na ọwọ́ tó ṣófo ṣanṣan sí àyà ẹni tó ń bọ̀. Ara ni kó tẹ̀ o, kì í ṣe orí. Ẹni tó bá sorí kọ́, kò ríran, ọrùn rẹ̀ sì wà nínú ewu. Láti ọdún 2018, ẹni tó bá fi orí ṣíwájú láti kọlu ẹlòmíràn, yáàdì 15 ni ìyà rẹ̀.

Ti ọwọ́ kò ní gùn. Bí quarterback bá ń bọ̀ láti apá kan, ìgbọ̀nwọ́ apá yẹn gbọ́dọ̀ wà lókè, ọwọ́ kejì wà nísàlẹ̀ ikùn, kí àyè ṣí sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù. Má ṣe wo bọ́ọ̀lù! Iṣẹ́ quarterback ni láti fi í síbẹ̀, iṣẹ́ tìrẹ ni láti wo iwájú. Bó bá ti wọlé, ibi márùn-ún ló gbọ́dọ̀ kàn: ìka, àtẹ́lẹwọ́, apá ìsàlẹ̀, apá òkè, àyà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á gbá a jáde. Ọwọ́ tó jìnnà sí alátakò ni kó sì wà.

Ní báyìí, orúnkún. Ẹ má sáré kọjá ibí.

Ní yunifásítì Boise State, ọdún 2011, ACL Ajayi já, ìyẹn iṣan tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun tí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kì í fi í yọ síwájú. Ẹ rántí ẹsẹ̀ tí mo ní kó tẹlẹ̀ ṣinṣin kó tó já? Irú ìṣísẹ̀ yẹn gan-an ló máa ń já iṣan yìí: àtẹ́lẹsẹ̀ dúró, ara yí. Ohun tó ń bọ́ running back náà ló ń pa á lára. Ó gbádùn, ó padà, lọ́dún 2014 ó sá yáàdì 1,823, touchdown 28, ó sì tún fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù nígbà 50 fún yáàdì 535. Kò sí ẹni tó tíì kó 1,800 àti 500 pọ̀ báyẹn ní sáà kan ṣáájú rẹ̀ ní ìpele tó ga jù ní yunifásítì. Síbẹ̀, nígbà Draft ọdún 2015, ìyẹn ètò táwọn ẹgbẹ́ NFL fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ láti yunifásítì níkọ̀ọ̀kan, ẹni 148 ni wọ́n mú ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀rù orúnkún yẹn ló ń ba àwọn ẹgbẹ́.

Ìwé àdéhùn ẹni tí wọ́n bá mú ní Draft, ọdún mẹ́rin ni, iye owó rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ipò tí wọ́n ti mú un. Àdéhùn kejì lowó gidi wà. Ẹ bá mi ṣírò ti Ajayi: 2015, 2016, 2017, 2018. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá 2017, Miami pààrọ̀ rẹ̀ fún ànfààní kan péré ní ìpele kẹrin Draft, ó bọ́ sí Philadelphia Eagles. Eré tó kọ́kọ́ gbá níbẹ̀, ó sá yáàdì 46 wọ touchdown lórí Denver. Lọ́jọ́ 4 oṣù kejì 2018, ní Minneapolis, Eagles na New England Patriots 41 sí 33 ní Super Bowl LII, eré àṣekágbá NFL. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Ajayi gbé bọ́ọ̀lù, yáàdì 57. Ẹ pín in: ó lé ní mẹ́fà, ó ti kọjá àǹkárá wa!

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, nínú eré Minnesota Vikings, ACL orúnkún òsì já. Ọdún kẹrin àdéhùn rèé. Ọmọ ọdún 25 ni. Philadelphia tún pè é padà lópin ọdún 2019, ìgbà mẹ́wàá péré ló gbé bọ́ọ̀lù, yáàdì 30. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ní NFL jẹ́ 2,546, èyí tó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ sì wà nínú sáà ọdún 2015 àti 2016. Ó dùn mí gidi, torí pé kò sí apá kan nínú iṣẹ́ náà tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wá eré Buffalo ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 2016 yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dá fídíò dúró níbi tí bọ́ọ̀lù ti kan ọwọ́ Ajayi. Ẹ má wo òun. Ẹ wo linebacker, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa ka ìṣísẹ̀ Ajayi: ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Níbi tí linebacker bá ti yẹ̀, ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá wo ẹsẹ̀ tí Ajayi fi tẹlẹ̀.