13+ tó wà ní igun tẹlifíṣọ̀n: ẹ̀rù ìlú wo ni?

Àwọn òbí àti olùkọ́ ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo tún un kọ fún àwọn tí òjò dá dúró sílé lọ́jọ́ náà.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀bú. Bí ẹ bá dé Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá, Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lẹ ó rí, tí kálukú ń tò kọjá pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ bí ní sáà kan náà. A mọ ẹni tó ṣáájú, a mọ ẹni tó tẹ̀ lé e. A sì ti mọ̀ tipẹ́ pé ojú kan wà tí kò gbọdọ̀ rí nǹkan kan. Nígbà tí Agẹmọ bá ń lọ sí Ìmọsan, obìnrin mọ ibi tó yẹ kí òun wà. Ẹnikẹ́ni kò lẹ nọ́ńbà mọ́ Agẹmọ lára. Ìlú ló mọ ohun tí ìlú ń bẹ̀rù.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbà wọlé. 13+ tàbí 16+ tí ẹ ń rí ní igun tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn àmì iye ọdún tó yẹ kéèyàn pé kó tó wo fíìmù, ẹ̀rù ló ń wọ̀n. Àwọn àgbà orílẹ̀-èdè kan ló jókòó, wọ́n bi ara wọn pé kí ló ń bà wá lẹ́rù nítorí ọmọ wa, wọ́n sì sọ ẹ̀rù náà di nọ́ńbà. Bí ẹ̀rù wọn bá yàtọ̀ sí tiwa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú fíìmù E.T. tó jáde ní 1982, ìtàn ọmọdékùnrin kan àti àlejò tó ti ojú ọ̀run wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní U, ìyẹn ni pé tọmọdé tàgbà lè wò ó. Amẹ́ríkà fún un ní PG, kí òbí fojú sí i. Ní Swídìn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kò gbọdọ̀ wọlé. Fíìmù kan náà o! Láti 1911 ni Swídìn ti ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, kí ọmọdé má jáyà sì ká wọn lára gan-an. Síbẹ̀, ọdún 15 ni òkè téńté níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pé 15, kò sí fíìmù tí wọ́n máa tìtorí ọjọ́ orí dá a padà lẹ́nu ọ̀nà sinimá.

Ẹ wá wo òdìkejì. The King's Speech, 2010, sọ ìtàn Ọba George Kẹfà tó ń kólòlò. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó máa ṣépè, kó máa bú èébú burúkú, kí ahọ́n rẹ̀ lè tú. Nítorí èébú yẹn, Amẹ́ríkà fi R lé e: ẹni tí kò tíì pé 17 kò lè wọlé àfi kí òbí tàbí alágbàtọ́ mú un dání. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fún un ní 15. Àwọn tó ń pín fíìmù náà ní kí wọ́n tún un wò, ó sì di 12A, tí ọmọdé lè wò bí àgbà bá mú un lọ. Bẹ́ẹ̀ fíìmù tí ìbọn ń dún, tí ilé ń wó lu èèyàn mọ́lẹ̀, PG-13 ló sábà máa ń gbà lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé kí òbí ṣọ́ra fún ọmọ tí kò tíì pé 13. Lójú tèmi, èébú ń dun Amẹ́ríkà ju ọta ìbọn lọ. Ìyá àgbà mi ní Ìṣarà, tí èébú rẹ̀ dùn létí bí orin, R ni wọn ì bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí.

Ẹ má sì rò pé òfin ìjọba ni àmì Amẹ́ríkà yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ló gbé e kalẹ̀ fúnra wọn ní 1968, ẹni tó ni sinimá ló ń dáni dúró, ọlọ́pàá kò sí níbẹ̀. PG-13 fúnra rẹ̀ dé ní 1984, lẹ́yìn tí fíìmù méjì tí wọ́n fún ní PG dẹ́rù ba ọmọ kéékèèké, tí àwọn òbí sì pariwo.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún dùn ún gbọ́. Ìgbìmọ̀ BBFC ló ń fi nọ́ńbà sí fíìmù, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ló ni àṣẹ lórí sinimá ìlú rẹ̀. Ní 2002, BBFC fún Spider-Man ní 12. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ń sunkún nílé. Ìjọba ìbílẹ̀ kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ẹ fojú inú wò ó pé Abuja sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, Ṣágámù ní bẹ́ẹ̀ ni! Ọdún yẹn náà ni 12A dé: ọmọ tí kò tíì pé 12 lè wò ó bí àgbà bá mú un lọ.

Jámánì ń fi àwọ̀ kún nọ́ńbà rẹ̀, láti orí 0 tó funfun dé 18 tó pupa. Íńdíà kò fẹ́ ìfẹnukonu tó pẹ́. Ní 2015 wọ́n gé e kúrú nínú fíìmù James Bond. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nídìí fíìmù Íńdíà, tí wọ́n á jó títí nínú òjò láìfẹnukonu, ẹ ti mọ̀. Èyí tó wù mí jù ni ti Nẹ́dálándì. Láti 2001 ni wọ́n ti ń ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà: ẹ̀ṣẹ́ fún ìjà, aláǹtakùn fún ohun tó ń dẹ́rù bani. Òbí á mọ ìdí, á sì fúnra rẹ̀ pinnu.

Àwa náà ní tiwa. Òfin 1993 ló dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àmì wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti G, tí tọmọdé tàgbà lè wò, dé 18. NBC ló ń mójú tó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí ohun àgbàlagbà dúró di aago mẹ́wàá alẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná dé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ wo ló máa sùn?

Ní 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò gbé òfin jáde pé kí fíìmù, orin àti skit má ṣe gbé òògùn owó àti sìgá lárugẹ mọ́. Ẹ̀rù tiwa nìyẹn, pàápàá àwa Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti ń fi òògùn bú látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó jókòó sí òkè òkun lè rí igbá, aṣọ pupa àti ọmọkùnrin tó fi ìyá rẹ̀ ṣowó, kó sì fún un ní 13, nítorí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló kà. Àwa ń wo mọ́tò tí ọmọ náà gùn lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ ọmọ wa tó ní, "Ó ti là o."

Nígbà tí mo parí, ìyá kan tó ń ta gààrí ní Òkè-Ajé dìde. "Ọmọ mi pé 11, fíìmù ní 13. Ṣé kí n dúró ọdún méjì ni?" Mo ní, "Rárá, Mọ́mì. Ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ pé 13. Bó bá jẹ́ èébú, ẹ ti ń bú u nílé."

Mo wá bi wọ́n pé ta ni PIN dìkódà rẹ̀, nọ́ńbà tí òbí fi ń ti fíìmù àgbàlagbà mọ́ ọmọ, ṣì jẹ́ 1234. Ẹ̀rín sọ. Bàbá kan láti Ìkẹ́nnẹ́ nawọ́. "Olùkọ́, èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní PIN. Ọmọ-ọmọ mi ló máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́."