Zobo fún Ọkàn Ẹni Tó Sanra: Ibi Tí Ṣúgà Ti Ń Bà Á Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìgò zobo tó wà lọ́wọ́ yín yẹn. Ó pupa fòò, ó tutù, òórùn atalẹ̀ ń ta sánsán. Ẹ ní torí ọkàn yín lẹ ṣe ń mu ún, torí pé ara ti sanra jù, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń ru díẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣíbí ṣúgà mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ẹ má tíì dá mi lóhùn, a ó padà síbẹ̀.

Ìṣápá pupa ni zobo. Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Ìgbómìnà tẹ́ ẹ máa ń fi ìṣápá funfun se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Àwọ̀ yẹn ni pupa fi yàtọ̀. Anthocyanin lorúkọ rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn èròjà ewéko tí wọ́n ń pè ní polyphenol. INÚ ÀWỌ̀ YẸN NI WỌ́N GBÀ PÉ Ọ̀PỌ̀ IṢẸ́ WÀ. Ohun tó bá pa àwọ̀ náà lè dín iṣẹ́ náà kù.

Kí ló ń ṣe lára? Ẹ wo rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà. Nígbà tó ṣì tuntun, ó rọ̀, omi ń gbabẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ fi sóòrùn fún ọdún kan, á gan paali, omi á sì máa fi ipá kọjá. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Awọ inú iṣan máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ nitric oxide, òun ló ń mú kí iṣan dẹ̀. Ọ̀rá tó bá jókòó sínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, kì í jẹ́ kí nitric oxide yìí tó bó ṣe yẹ. Iṣan á le, ọkàn á wá máa ṣiṣẹ́ bí alágbàṣe tí kò rí ìsinmi. Polyphenol ń ran awọ inú iṣan yẹn lọ́wọ́.

Ní 2010, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tufts, ní Boston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí èèyàn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru díẹ̀, tí wọn kò sì tíì máa lo oògùn rẹ̀. Àwọn kan mu omi ìṣápá pupa, ife mẹ́ta lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn yòókù mu omi mìíràn tó jọ ọ́. Nọ́ńbà òkè tó máa ń hàn bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ní nǹkan bí 7 lára àwọn tó mu ìṣápá, ó wálẹ̀ ní nǹkan bí 1 lára àwọn kejì. Méje kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní 170, méje nìkan kò lè gbà á là.

Ó yá, ìwọ̀n. Gíráàmù 1.25 ìṣápá gbígbẹ ni wọ́n fi sí ife kan ní Boston. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 5 sí lítà omi kan. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ. Ó parí! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sè é fún wákàtí kan bí ẹni ń se pọ̀nmọ́? Oòrùn tó pọ̀ jù máa ń ṣí àwọ̀ aṣọ. Iná àsèjù ń ṣí àwọ̀ zobo bákan náà. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, torí omi kíkan máa ń họ ọ́ sínú ohun mímu. Ẹ má sì fi káún sí i. Tó bá ti ń yí padà sí àwọ̀ aró, anthocyanin ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

Wàyí o, ṣúgà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Lítà méjì zobo, gíráàmù 200 ṣúgà. Ife mẹ́jọ ló máa jáde níbẹ̀, gíráàmù 25 nínú ife kọ̀ọ̀kan, bíi ṣíbí tíì mẹ́fà. Ife mẹ́ta lóòjọ́ di 75. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ kálórì 2,000 má kọjá LÓJÚMỌ́, nínú gbogbo ohun tó jẹ àti ohun tó mu, kò ju 50 lọ, wọ́n sì ní 25 ló sàn jù. Ẹ̀dọ̀ máa ń sọ ṣúgà àṣejù di ọ̀rá, ọ̀rá á padà sí ikùn. Ẹ ń fi ọwọ́ kan tọ́jú rọ́bà, ẹ ń fi ìkejì sá a sóòrùn!

Oyin ńkọ́? Omi ọ̀pẹ̀òyìnbó ńkọ́? Ṣúgà náà ni wọ́n, inú 50 yẹn ni wọ́n ń kà wọ́n sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rèé: ìṣápá tó pọ̀ jù ló ń jẹ́ kí ṣúgà pọ̀ jù. Ẹ da ìdajì àpò sínú ìkòkò, ó kan gógó, ẹ wá ń fi ṣúgà lé e. Ẹ DÍN ÌṢÁPÁ KÙ, kíkan á dín kù. Atalẹ̀ bí ìka kan, kànáfùrù mẹ́rin, èèpo ọ̀pẹ̀òyìnbó tẹ́ ẹ fọ̀ dáadáa, wọ́n á fún un lóòórùn. Tí ahọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ dín ṣúgà kù sí ìdajì lọ́sẹ̀ yìí, ẹ tún gé ìdajì yẹn sí méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ahọ́n máa ń gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi zobo rọ́pò rẹ̀, ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ń mu ún, pàápàá tó bá jẹ́ hydrochlorothiazide lẹ ń lo. Aláboyún, ẹ fi í sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ bá dókítà.