Header tí bison ń kọ: ẹ má jẹ́ kí gcc ṣáájú rẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, àwọn ọmọ LAUTECH ò sì jẹ́ kí n sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí: tí wọ́n bá tẹ make (ètò tó ń tẹ̀lé Makefile láti kọ́ program), gbogbo rẹ̀ á lọ geere, tí wọ́n bá tẹ make -j8 (kó ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), gcc, tó ń compile C, á ní òun ò rí parser.tab.h.

Ẹ wò ó. Inú parser.y, fáìlì gírámà, ni bison (ètò tó ń kọ parser fún wa) ti ń yọ parser.tab.c àti header rẹ̀, parser.tab.h. Lexer (kóòdù tó ń gé ohun tí a tẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan) tí flex kọ sì ní #include "parser.tab.h" nínú. Ẹ̀yin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Make ò mọ̀! Kì í ka inú fáìlì C. Ohun tó bá wà nínú Makefile nìkan ló mọ̀. Tó bá ń ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí ló ń kó yín yọ. Tó bá di iṣẹ́ mẹ́jọ pọ̀, gcc lè dé ibẹ̀ kí bison tó ṣe tán.

"Ṣebí mo ti fi -MMD sí àṣẹ gcc?" Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ń ṣì í! Ìgbà tí gcc bá ń compile ló ń kọ orúkọ àwọn header sínú fáìlì .d. Nígbà àkọ́kọ́, .d wo ni make fẹ́ kà? KÒ TÍÌ SÍ! Mo tún un sọ: NÍGBÀ ÀKỌ́KỌ́, KÒ TÍÌ SÍ .d KANKAN!

Oògùn rẹ̀ nìyí:

$(OBJS): | parser.tab.h

$(OBJS) ni gbogbo fáìlì .o tí gcc ń ṣe. Ìlà òòró (|) yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Èmi fẹ́ràn ìlù dùndún gan-an, ẹ jẹ́ kí n fi ṣàlàyé. Níbi ìgbéyàwó l'Ọ́yọ̀ọ́, onílù gbọ́dọ̀ ti wà níkàlẹ̀ kí ìyàwó tó jó wọlé. Ṣùgbọ́n bí onílù bá pààrọ̀ kọ̀ǹgọ́ rẹ̀, ṣé a ó ní kí ìyàwó padà síta kó tún wọlé ni? Rárá! Bẹ́ẹ̀ náà ni: header gbọ́dọ̀ ti wà, àmọ́ tó bá yí padà, àwọn .o tó ń lò ó nìkan la ó tún ṣe. Fáìlì .d ló máa tọ́ka sí wọn, torí náà ẹ má yọ -include $(OBJS:.o=.d), tó ń kà wọ́n, kúrò nínú Makefile.

Ó ku ẹyọ kan, kíá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ká pe bison fún fáìlì méjèèjì:

parser.tab.c parser.tab.h &: parser.y
	bison -d parser.y

Tẹ́ ẹ bá fi : lásán sí i, make -j lè pè é lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n jọ máa kọ fáìlì kan náà. GNU Make 4.3, ti 2020, ló mú &: wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Mac, 3.81 ni Apple fi síbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ %.tab.c %.tab.h: %.y dípò rẹ̀. Ó yá, ẹ tẹ make clean, kẹ́ ẹ tẹ make -j8.